Kí Ni Wọ́n Fi Kun Ìwé Tí A Fi Ń Di Oúnjẹ?



Ọ̀rọ̀ tí a mú tọ̀ yín wá ní ọ̀sẹ̀ yìí lè kéré lójú ẹlòmíràn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ohun tí a ń jù nù lẹ́yìn oúnjẹ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń jù nù yìí ni ó ń kọ́kọ́ fara kan oúnjẹ kí ẹnu wa tó kàn án. Bí ó bá sì ti kan oúnjẹ, ó ti kan ara wa, ó ti kan ìṣínu wa nínú Rámádánì, ó ti kan sàráà wa, ó sì ti kan òwò àwọn ìyá wa tí ń dáná lójú pópó ní Ìkòtún, ní Ẹ̀gbẹ́dá àti ní Ìgándò.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 2024 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde, láti ẹnu Kọmíṣọ́nnà fún ọ̀rọ̀ Àyíká àti Omi, Ọ̀gbẹ́ni Tokunbo Wahab, pé a kò gbọdọ̀ ta fóòmù funfun tí a fi ń di oúnjẹ, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní tékàwéè, a kò sì gbọdọ̀ lò ó mọ́ ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé ó ń dí gọ́tà àti ojú ọ̀nà tí omi ń gbà kọjá. Nígbà tí ó di ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2025, òfin náà nasẹ̀ dé orí ṣíbí ike, kọ́ọ̀pù ike tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan jù nù, ike tí a fi ń fa ohun mímu, àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń gbé ọjà.

Àwa kò bá ìjọba jà lórí èyí. Ẹni tí ó bá ti la ọjà kọjá lẹ́yìn òjò ńlá mọ ohun tí gọ́tà tí ó dí ń ṣe fún oníṣòwò àti fún oníbàárà. Ànábì wa Mùhámọ́dù, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, kọ́ wa pé kí ènìyàn mú ohun tí ń ni ọmọ aráyé lára kúrò lójú ọ̀nà, ara ìgbàgbọ́ ni. Bí mímú un kúrò bá jẹ́ ara ìgbàgbọ́, kí ni a ó wá pe ti ẹni tí ń jù ú síbẹ̀?

Fóòmù pàápàá kì í ṣe ohun tí a ní láti máa dárò. Kẹ́míkà kan tí ń jẹ́ stairíìnì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ní ọdún 2018, àjọ tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ àwọn ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó máa fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Oúnjẹ gbígbóná àti oúnjẹ ọlọ́ràá sì ni ó máa ń fà á jáde jù lára fóòmù. Bẹ́ẹ̀, kí ni a ń bù sí i bí kò ṣe ìrẹsì gbígbóná àti ọbẹ̀ ọlọ́ràá?

Ṣùgbọ́n bí a ti ń lé fóòmù lọ ni ìwé ń gba ipò rẹ̀. Abọ́ ìwé dé, páálí ìwé dé, àpò ìwé tí ó ní àwọ̀ ilẹ̀ dé. Gbogbo ènìyàn ni ó sì ń sọ pé, “Ìwé ni, kò lè ṣe nǹkan.” Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà. Kí a má baà di ẹni tí ń sá fún idà tí ó lọ kó sínú àkọ̀, ó yẹ kí a béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ni wọ́n fi kun ìwé náà?

ÌWÉ NÌKAN KÒ LÈ GBA EPO DÚRÓ

Ìwé, tí àwọn àgbà wa ń pè ní tákàdá, fọ́nrán igi ni. Wọn a gún igi, wọn a sè é, wọn a fi omi pò ó títí yóò fi rí bí ògì, kí wọ́n tó tẹ́ ẹ kí ó sì gbẹ. Bí ojú wa bá mú tó láti rí inú rẹ̀, bíi kànrìnkàn ni a ó ti rí i: fọ́nrán lórí fọ́nrán, àyè sì wà láàárín wọn. Àyè yìí ni omi ń gbà wọlé, òun náà ni epo ń gbà.

Ẹ gbé àkàrà gbígbóná lé orí ewé ìwé kan tí ọmọ iléèwé fi ń kọ iṣẹ́. Kò ní pẹ́ tí òróró yóò fi là á já, tí ọwọ́ yín yóò sì máa dán láti abẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí abọ́ ìwé tí a bu ẹ̀wà àti ata díndín sí láti àárọ̀, tí kò rọ̀, tí kò jò, tí epo kò sì là á já títí di ọ̀sán, ẹ mọ̀ dájú pé kì í ṣe ìwé nìkan ni ẹ rí. Nǹkan kan wà lára rẹ̀ tí ń lé omi àti epo padà.

Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwa Yorùbá. Àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn a máa fi ẹ̀kọ láfún ya iṣẹ́ sí ara aṣọ, kí aró má baà wọ ibẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ẹ̀kọ náà dí àyè tí ó wà láàárín òwú, aró kò sì rí ọ̀nà gbà. Ẹ wo ewé kókò pẹ̀lú. Bí òjò bá rọ̀ sí i, omi a máa yí lórí rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, a sì bọ́ sílẹ̀ láì rin ewé náà. Ọlọ́run Ọba ni ó fi ìda kùn ún láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ lára: ó ń gba omi dúró, ó ń gba ooru, bí a bá sì jù ú nù, ilẹ̀ ń jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé kò sì ṣàjèjì sí àwa Mùsùlùmí. Ilẹ̀ Ṣáínà ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn Mùsùlùmí ni ó gbà á ní Samarkand tí wọ́n sì mú un dé Bàgídáàdì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ. Àwọn oníṣẹ́ ìgbà náà a máa fi ẹ̀kọ àlìkámà kun ojú ìwé, wọn a sì fi òkúta dídán lọ̀ ọ́ títí yóò fi dán, kí tàdáwà má baà tàn lórí rẹ̀. Arìnrìn-àjò ará Páṣíà kan, Nasir Khusraw, tí ó dé Káírò ní nǹkan bí ọdún 1047, ròyìn nínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ pé àwọn oníṣòwò ọjà ibẹ̀ ni ń fún oníbàárà ní ohun tí yóò fi gbé ọjà lọ, ìbáà ṣe ti dígí, ìbáà ṣe ti amọ̀, ìbáà ṣe ti ìwé. Ẹ rí i pé ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún tí ìwé ti ń di ọjà ní ọwọ́ Mùsùlùmí, tí ẹni tí ń tajà sì ti mọ̀ pé ohun tí a fi gbé ọjà wà lára ọjà.

OHUN TÍ WỌ́N FI Ń KÙN ÚN

Oríṣi mẹ́rin ni ó yẹ kí àwọn oníṣòwò wa mọ̀.

Èkínní ni ìda. Òyìnbó ti ń fi ìda kun ìwé búrẹ́dì àti ìwé tí a fi ń di ẹran láti ayé àtijọ́. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lónìí, láti inú epo rọ̀bì ni ó ti ń wá. Ó dára fún oúnjẹ tútù tàbí èyí tí ó gbẹ. Ṣùgbọ́n ooru ń yọ́ ìda, nítorí náà kò wúlò fún àkàrà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú agbada.

Èkejì ni ọ̀rá. Wọn a yọ́ ọ̀rá, wọn a tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí inú abọ́ ìwé, kí ọbẹ̀ má baà jò. Irú èyí ni ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ́ọ̀pù ìwé tí a fi ń mu tíì. Ẹ fa ọ̀kan ya kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, ẹ ó rí awọ tín-ín-rín kan tí yóò ṣí kúrò lára ìwé. Ọ̀rá ni. Òun ni kò jẹ́ kí abọ́ náà jẹrà tán bí ìwé, òun náà ni kò sì jẹ́ kí ẹni tí ń ra ìwé àlòkù fẹ́ kó o, nítorí pé iṣẹ́ ńlá ni láti ya wọ́n. Ẹni tí ó bá mọ àkìtàn Solous ní Ìgándò, tí wọ́n ti kó ìdọ̀tí ìlú jọ sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, mọ ibi tí irú rẹ̀ ń parí ìrìn-àjò sí.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ọkàn wa kò balẹ̀ sí rárá. Ìdílé kẹ́míkà kan ni, PFAS ni wọ́n ń pè é, irú rẹ̀ sì tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ó ń lé omi, ó ń lé epo, kò sì hàn sójú bí ọ̀rá ti ń hàn. Ohun tí ó so ó pọ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn, òjò àti ilẹ̀ kò fi lè tú u ká, ìyẹn ni àwọn òyìnbó fi sọ ọ́ ní kẹ́míkà ayérayé. Láti ara ìwé ó lè bọ́ sínú oúnjẹ, láti inú oúnjẹ ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì wà fún ọdún púpọ̀. Bí a bá jù ú sí àkìtàn, omi tí ń ṣẹ́ láti abẹ́ ìdọ̀tí lè gbé e wọ inú ilẹ̀ lọ bá omi kànga. Ní ìparí ọdún 2023, àjọ tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ka ọ̀kan nínú ìdílé yìí, PFOA, mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn.

Ẹ wo ohun tí àwọn tí ó ti lò ó ṣáájú wa ṣe. Denmark fòfin dè é nínú ìwé tí a fi ń di oúnjẹ láti oṣù keje ọdún 2020. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn tí ń ṣe irú rẹ̀ tí a fi ń kun ìwé oúnjẹ kí epo má baà là á já kò tà á mọ́ fún ìlò bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ náà. Àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù pẹ̀lú ṣe òfin tí ó fi ààlà lé e, tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ oṣù kẹjọ ọdún 2026.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn ohun tuntun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe: èyí tí a fi omi pò bí ọ̀dà, èyí tí a fi èròjà àgbàdo ṣe, èyí tí a fi èèpo edé àti akàn ṣe, èyí tí a rí lára koríko òkun, àti èyí tí a fi ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ tàbí ti àgbàdo ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹrà. Àbùkù ẹ̀kọ ni pé ó ń gba epo dúró dáadáa, ṣùgbọ́n omi ń tètè borí rẹ̀. Síbẹ̀, ó tó fún àkàrà, dùǹdú, búrẹ́dì àti súyà, tí kì í ṣe oúnjẹ olómi.

A kò sọ pé kẹ́míkà ayérayé wà lára abọ́ ìwé tí ẹnikẹ́ni ń tà ní Alímọ̀ṣọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé bí a kò bá béèrè, kò sí ẹni tí yóò sọ fún wa. Ẹ sì rántí pé ilẹ̀ wa ni fìríìjì àlòkù àti aṣọ òkìríkà ń sọ̀kalẹ̀ sí. Ohun tí ọlọ́jà kò bá rí tà mọ́ ní ilé rẹ̀, ó ń wá ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í béèrè.

OHUN TÍ Ó TỌ́ ÀTI OHUN TÍ Ó DÁRA

Ẹlòmíràn yóò sọ pé, “Kí ni èyí kan ẹ̀sìn?” Ó kàn án gidigidi. Nínú Súrà Bákárà, ní ẹsẹ 168, Ọlọ́run pàṣẹ fún gbogbo ọmọ ènìyàn nípa ohun tí a ó jẹ lórí ilẹ̀, ohun méjì ni ó sì mẹ́nu kàn pọ̀: kí ó jẹ́ halálì, kí ó sì jẹ́ ohun rere. Ọ̀pọ̀ nínú wa di èkínní mú, a sì ju èkejì nù. A ó béèrè ẹni tí ó pa ẹran, a ó béèrè bóyá ó pe orúkọ Ọlọ́run, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a bá ti pa ẹran náà ní ìlànà, tí a sè é dáadáa, a ó wá bù ú sínú ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ ohun tí ó wà lára rẹ̀. Ǹjẹ́ a ti pa àṣẹ méjèèjì mọ́ bí?

Àní lórí halálì pàápàá, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Nínú ohun tí a fi ń kun ìwé, òmíràn wà tí a fi ọ̀rá ṣe, ọ̀rá náà sì lè ti ara ọ̀pẹ wá, ó sì lè ti ara ẹran wá. Ẹran wo? Ta ni ó pa á? Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn wa ní ọ̀rọ̀ lórí ohun èérí tí iná àti iṣẹ́ ti yí padà di nǹkan mìíràn, ẹnu wọn kò sì kò lórí rẹ̀. Àwa kò ní fi kálámù dá ẹjọ́ tí àwọn àáfáà ń jíròrò lé lórí. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè Malaysia kò dúró de àríyànjiyàn kí ó parí. Ní ọdún 2014 wọ́n gbé ìlànà jáde lórí ohun tí a fi ń di ọjà halálì, kí oníṣẹ́ lè mọ ohun tí yóò lò. Bí ọ̀rọ̀ bá rú ni lójú, ohun tí ó ti ara ọ̀pẹ àti ẹ̀gẹ́ wá kò ní iyèméjì nínú.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ rántí ìtàn Ànábì wa nínú ọjà. Ó rí òkìtì ọkà lọ́dọ̀ ẹnì kan, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì kan ọ̀rinrin lábẹ́. Ọkùnrin náà ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í léèrè ìdí tí kò fi gbé èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì sọ gbangba pé ẹni tí ó bá ń rẹ́ni jẹ kò sí lára wa. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún ẹni tí ń ta abọ́ ìwé kò ṣòro. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rá wà nínú rẹ̀, kí ó sọ pé ọ̀rá wà nínú rẹ̀. Kí ó má kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ìwé ni, kí ó wá fi ìyókù pamọ́ sábẹ́ bí ọkà tútù.

ÌWÉ ÌRÒYÌN ÀTI ÌWÉ ÀPÒ SÌMẸ́ǸTÌ

Àwọn kan nínú àwọn ìyá wa kò ra abọ́ ìwé kankan. Ìwé ìròyìn àná ni wọ́n fi ń di àkàrà, àwọn ọlọ́sùyà sì ń lo ìwé àpò sìmẹ́ǹtì. A mọ̀ pé owó ni ó fà á, a kò sì ní bú wọn. Ṣùgbọ́n a ní láti sọ òtítọ́. Tàdáwà tí a fi ń tẹ ìwé ìròyìn kì í ṣe ohun jíjẹ, òróró gbígbóná sì ń yọ́ ọ sínú àkàrà. Ní nǹkan bí ọdún 2010, àwọn olùwádìí oúnjẹ ní Zürich ní ilẹ̀ Switzerland fi hàn pé epo inú tàdáwà ìwé ìròyìn máa ń wà lára páálí tí a fi ìwé àlòkù ṣe, àti pé ó ń ti ibẹ̀ wọ inú oúnjẹ gbígbẹ, láì tilẹ̀ fara kàn án. Bí ti oúnjẹ gbígbẹ bá rí bẹ́ẹ̀, mélòó mélòó ni ti àkàrà tí òróró ń kán lára rẹ̀? India fi í sínú òfin rẹ̀ ní ọdún 2018 pé a kò gbọdọ̀ fi ìwé ìròyìn di oúnjẹ.

Àwa Mùsùlùmí tún ní ìdí kejì. Ojú ìwé tí ẹ ń kà lọ́wọ́ yìí, orúkọ Ọlọ́run wà nínú rẹ̀, orúkọ Ànábì wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí àwọn ọmọ ilé-kéú wa fi ń kọ Súrà. Tí ó bá di ọjọ́ mẹ́ta, a ó rí i ní ìsàlẹ̀ gọ́tà pẹ̀lú epo àkàrà lára. Àwọn àṣíwájú wa kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìwé tí ó ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nínú. Bí ó bá gbó, wọn a rì í mọ́lẹ̀ níbi tí ó mọ́, tàbí kí wọ́n sun ún, gẹ́gẹ́ bí Kálífà Usman ti sun àwọn àdàkọ tí kò bá ti àjùmọ̀ṣe mu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún aláàkàrà ní ojú ìwé yìí. Ẹ gé e pamọ́, tàbí kí ẹ sun ún.

TA NI YÓÒ SAN OWÓ RẸ̀?

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná. Owó abọ́ ìwé ju owó fóòmù lọ. Ẹni tí ń ta ìrẹsì ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá, èrè tí ó ń jẹ lórí abọ́ kan kò tó nǹkan. Bí ó bá ra abọ́ ìwé tí ó dájú, èrè rẹ̀ lọ. Bí ó bá fi kún owó oúnjẹ, oníbàárà yóò kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Bí ó bá lo fóòmù ní ìkọ̀kọ̀, òfin ń wá a. Àwọn kan ń sọ pé kí ó lọ yanjú rẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pé òun ni ó ń tajà. Àwa sọ pé kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe òun ni ó ṣe ìwé, kì í ṣe òun ni ó kùn ún, kò sì ní ibi àyẹ̀wò ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ẹrù tí ó wúwo yìí, a kò gbọdọ̀ gbé gbogbo rẹ̀ lé orí ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù.

Ta ni ó wá yẹ kí ó gbé e? Àwa ìjọ ni. Ẹ ka iye oúnjẹ tí a ń pín ní mọ́sáláásí láàárín ọdún kan: ìṣínu Rámádánì láti alẹ́ kìíní dé alẹ́ ìkẹyìn, wọ̀límọ̀ àwọn ọmọ kéú, yìgì, ìsọmọlórúkọ, àdúà òkú, Máólúdì, ìpàdé ẹgbẹ́ àsàlátù ní ọjọ́ Sunday. Alímọ̀ṣọ́ nìkan, nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn inú rẹ̀ ju 1,270,000 lọ, ìlú náà sì ti gbòòrò gidigidi láti ìgbà náà. Nínú àwọn olùra ńlá tí ń ra abọ́ ìjẹun lẹ́ẹ̀kan jù nù, mọ́sáláásí wà níwájú. Olùra ńlá ni ọlọ́jà ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ìyá oníréṣì bá béèrè ohun tí wọ́n fi kun abọ́ ogún, ọlọ́jà lè fi í rẹ́rìn-ín. Bí ogún mọ́sáláásí bá pa owó pọ̀ tí wọ́n sì béèrè lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún abọ́, yóò wá ìdáhùn lọ.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Èkínní, kí a dá ewé padà sí ipò rẹ̀. Mọ́ínmọ́ín, ẹ̀kọ, òfadà àti ọ̀lẹ̀lẹ̀, ewé ni ilé wọn. Àwọn kan ń sọ pé ewé jẹ́ ìwà ará oko, tàbí pé ìdọ̀tí wà lára rẹ̀. A ó fọ̀ ọ́ ni. Àwo tí a ń jẹun nínú ilé, ǹjẹ́ a kì í fọ̀ ọ́ bí? A gbà pé ewé kò lè kárí gbogbo oúnjẹ Èkó, kò sì rọrùn láti gbé ọbẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ó bá ti lè ṣe iṣẹ́, kí a fi í ṣe é.

Èkejì, kí mọ́sáláásí kọ̀ọ̀kan ra àwo tí a ń fọ̀ fún ìṣínu. Ẹni tí ó bá ń wá sàráà tí èrè rẹ̀ kì í tán, kí ó ra ọgọ́rùn-ún àwo fún mọ́sáláásí àdúgbò rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń bẹ nínú ìjọ ní ọwọ́ láti fi fọ̀ wọ́n.

Ẹ̀kẹta, níbi tí abọ́ ìwé bá ti di dandan, kí ìjọ máa jùmọ̀ rà á, kí wọ́n sì béèrè ohun mẹ́ta ní kíkọ sílẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́jà: kí ni wọ́n fi kùn ún, ṣé kò sí PFAS nínú rẹ̀, àti irú oúnjẹ tí ó wà fún, gbígbóná tàbí tútù. Kí a sì ta á fún àwọn ìyá olóúnjẹ inú ìjọ ní iye tí a rà á, láì jẹ èrè lé e lórí.

Ẹ̀kẹrin, kí oníṣòwò fi ojú ara rẹ̀ wò. Bí awọ tín-ín-rín bá ṣí lára ìwé tí a rẹ sínú omi, ọ̀rá ni. Bí kò bá sí awọ, tí ẹ kán òróró sí i, tí òróró náà sì ká jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí kò tàn, tí kò sì wọlé, ó yẹ kí ẹ fura sí PFAS. Èyí kì í ṣe ẹ̀rí tí ó dájú, ibi àyẹ̀wò nìkan ni ó lè sọ ọ́ pàtó. Ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí ènìyàn béèrè.

Ẹ̀karùn-ún, kí àwọn ẹgbẹ́ ńlá wa, bíi Ansar-Ud-Deen, Nawair-Ud-Deen àti NASFAT, gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá NAFDAC àti SON, kí àmì wà lára abọ́ tí a ti yẹ̀ wò, kí olóúnjẹ lè mọ èyí tí yóò rà láì jẹ́ onímọ̀ kẹ́míkà. Kí wọ́n sì lọ bá FIIRO ní Oṣòdì, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí ó ti wà láti ọdún 1956. Nàìjíríà ni ó ń gbin ẹ̀gẹ́ jù ní gbogbo ayé. Àwọn ìyá wa ti fi ẹ̀kọ láfún dá aró dúró lára aṣọ. Kí ni kò ní jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn tí ó kàwé fi ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ dá epo àkàrà dúró lára ìwé? Iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, èrè sì wà níbẹ̀ fún àgbẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá wa Lẹ́mọ́mù, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sínú wáàsí Jímọ̀ kan kí Rámádánì tó dé. Ẹ̀yin ìyá wa àsàlátù, ẹ̀yin ni ẹ ń pín oúnjẹ, ẹ̀yin ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ẹ̀yin oníṣòwò wa, ẹ má ṣe bẹ̀rù ìbéèrè. Ọjà tí ó bá mọ́ kì í sá fún ẹni tí ń ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀.

Kí Ọlọ́run Ọba Aṣèkẹ́-mọ́nìyàn fi àlùbáríkà sí òwò wa, kí ó jẹ́ kí ohun tí ń wọ ẹnu wa jẹ́ ohun tí ó tọ́ àti ohun tí ó dára, kí ó má sì jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa bu májèlé fún àwọn tí a ń ṣe sàráà fún. Àmín.